Ìjọba Tó Sún Mọ́ Wa Jù Lọ Ni A Kò Mọ̀

Dúró níbi tí àwọn ènìyàn ti ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ láàárọ̀, ní Dùgbẹ̀ n’Íbàdàn tàbí ní Ọjà Ọba l’Ákùúrẹ́, kí o sì tẹ́tí sílẹ̀. Wàá gbọ́ nípa gómìnà tó fẹ́ fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, sẹ́nétọ̀ tó bú akẹgbẹ́ rẹ̀, mínísítà tí wọ́n ní ààrẹ ń bínú sí. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ náà mọ ìtàn olóṣèlú kọ̀ọ̀kan, láti ilé ẹ̀kọ́ tó lọ dé ẹgbẹ́ tó ti kúrò. Wọ́n lè ka gbogbo gómìnà ìpínlẹ̀ wọn láti 1979 wá láìwo ìwé. Wàyí o, bi wọ́n léèrè: ta ni káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín? Èló ló wọlé ní orúkọ káńsù yín lóṣù tó kọjá? Iṣẹ́ wo ni òfin ní kí káńsù náà máa ṣe? Ariwo á rọlẹ̀. Ẹnì kan á ní òun gbọ́ pé ọmọ bàbá kan ládùúgbò ni wọ́n fi síbẹ̀. Ẹlòmíràn á bi ọ́ bóyá wọ́n tilẹ̀ ṣì ń yan káńsẹ́lọ̀.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. A mọ olóṣèlú, a kò mọ ìjọba. A mọ ẹni tó ń jà fún àga, a kò mọ iṣẹ́ tó so mọ́ àga náà, a kò mọ owó tó wà fún iṣẹ́ náà, a kò sì mọ ẹni tó yẹ kó jíhìn rẹ̀ fún wa. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tí kò kàwé nìkan. Mo ti bi lọ́yà, mo ti bi tíṣà, mo ti bi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ báńkì, ìdáhùn wọn kò yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó gboyè jáde ní yunifásítì ni kò dé sẹkitéríàtì káńsù rẹ̀ rí, àfi ọjọ́ tó lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ torí pé wọ́n béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tó ti ń wá iṣẹ́. Ó dé ibẹ̀, ó sanwó fọ́ọ̀mù, ó dúró títí wọ́n fi buwọ́ lù ú, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò wo ara ògiri bóyá ètò ìṣúná ọdún náà wà níbẹ̀. Bó bá tilẹ̀ wò ó, fọ́tò gómìnà àti ti alága ni yóò rí.

Ní ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ wa ń kọ́ nípa ìjọba. Wọ́n ti há a sórí pé ẹ̀ka mẹ́ta ni ìjọba pín sí: àwọn aṣòfin, àwọn aláṣẹ, àwọn adájọ́. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ọmọ tó gba máàkì tó pé nínú ìdánwò náà lè máà mọ orúkọ wọ́ọ̀dù tí wọ́n bí i sí. Àwọn káńsẹ́lọ̀ ń jókòó ṣòfin nínú ilé kan tí kò jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mú un dé ibẹ̀ rí.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ àìmọ̀ yìí, mi ò ní lọ s’Ábújà. Ìjọba ìbílẹ̀ ni mo fẹ́ mú, nítorí òun ló sún mọ́ wa jù, òun náà ni ojú wa kúrò lára rẹ̀ jù.

Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 mọ̀ ní Nàìjíríà: 768 nínú àwọn ìpínlẹ̀ 36, mẹ́fà yòókù l’Ábújà. Ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn ní 137 nínú wọn. Ọ̀yọ́ ní 33, Ọ̀ṣun ní 30, Èkó ní 20, Ògùn ní 20, Oǹdó ní 18, Èkìtì ní 16. Ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan pín sí wọ́ọ̀dù, wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan sì ní káńsẹ́lọ̀ tirẹ̀. Wọ́ọ̀dù 351 ló wà ní Ọ̀yọ́ nìkan, ìyẹn ni pé ènìyàn 351 ló ń gba owó oṣù níbẹ̀ kí wọ́n lè máa gbẹnu sọ fún àdúgbò wa.

Ní ẹ̀yìn ìwé òfin náà, níbi tí wọ́n ti to àwọn àfikún, àfikún kẹrin ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ojú ewé bí i méjì ni. Mo bẹ gbogbo ẹni tó bá lè kà á kó kà á, torí ó yani lẹ́nu bí ó ṣe wọ inú ilé wa tó. Ọjà, odò ẹran àti gáréèjì wà níbẹ̀. Ilé ìyàgbẹ́ gbogboogbò wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kíkó ilẹ̀ àti ìdọ̀tí. Títì àdúgbò, iná ojú títì àti gọ́tà wà níbẹ̀. Káńsù ni òfin ní kó máa sọ títì lórúkọ, kó sì máa fún ilé ní nọ́ńbà. Kíkọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀, ti òkú, ti ìgbéyàwó, itẹ́ òkú àti ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú aláìní, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìwé àṣẹ fún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ àjẹ̀, bárò àti ọmọlanke wà níbẹ̀. Àmójútó ilé oúnjẹ àti ilé búrẹ́dì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òfin ní kí káńsù kún ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ nínú ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ àgbà, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìlera. Láti ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ títí dé ọjọ́ tí wọ́n sin ín, kò sí ọjọ́ kan tí káńsù kò ní iṣẹ́ láti ṣe fún un.

Síbẹ̀, bí gọ́tà iwájú ilé bá dí, ààrẹ là ń ṣẹ́ èpè fún. Ẹni tí òfin gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ wà ní sẹkitéríàtì tí ọ̀kadà lè gbé ọ dé kíákíá, ẹnikẹ́ni kò sì kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ní ìdà kejì, títì Èkó sí Ìbàdàn, títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ sí Iléṣà, títì Èkó sí Abẹ́òkúta tó gba Ọ̀tà kọjá, ti ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bú gómìnà títí lórí kòtò inú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó yẹ kó gbọ́ èébú náà jókòó jẹ́ẹ́ s’Ábújà. Ẹni tí kò mọ ẹni tó jẹ òun lówó, ọ̀dọ̀ ta ni yóò ti lọ sin gbèsè? Ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀, gbogbo wọn ló mọ èyí. Wọ́n ń fi ẹ̀bi ṣọwọ́ sí ara wọn, àwa sì ń sáré tẹ̀lé e.

Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ṣe sí àwọn aṣòfin. Iṣẹ́ tí òfin fún wọn ni kí wọ́n ṣòfin, kí wọ́n yẹ ètò ìṣúná wò, kí wọ́n sì tọ pinpin owó tí àwọn aláṣẹ ń ná. Àwa ń fi ìrẹsì, ọ̀kadà, ẹ̀rọ ìránṣọ àti tiransfọ́mà tí wọ́n pín díwọ̀n wọn. Aṣòfin tó pín nǹkan jù ni a ń pè ní èèyàn dáadáa. Èyí tó jókòó ka ètò ìṣúná láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó sì fi ọwọ́ lé ibi tí owó ti fẹ́ sọnù, a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ní ọjà kan tí mo máa ń ná, ìyá aláta kan wà tó ń pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Gọ́tà náà ti kún fún ọ̀rá àti ewé ẹ̀kọ débi pé bí òjò bá rọ̀, omi rẹ̀ á gun orí àpò tí ìyá náà tẹ́ ata sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo dúró ra ata lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọkùnrin méjì dé pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Ìyá náà tú etí ìró rẹ̀, ó yọ owó, wọ́n já ìwé pélébé kan fún un, ó fi í sábẹ́ agolo tó fi ń wọn ata.

Mo ní, “Ẹ kú ọjà, mà. Owó kí ni ẹ san yẹn?”

Ó ní, “Owó káńsù ni.”

“Kí ni káńsù ń fi ṣe, mà?”

Ó wò mí. “Ọmọ mi, èmi ò mọ̀ o. Àtìgbà tí mo ti ń tajà níbí ni mo ti ń san án. Tí èèyàn ò bá san, wọn á gbé e lọ́jà lọ.”

Mo gba ìwé pélébé náà wò. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀, iye owó wà, orúkọ káńsù wà. Ohun tí owó náà wà fún kò sí. Mo tọ́ka sí gọ́tà, mo bi ìyá náà bóyá ó mọ̀ pé àwọn tó ń gba owó yìí gan-an ni òfin ní kí wọ́n máa kó o. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ìyá ọjà ló máa ń dáwó jọ, tí wọ́n á fi bẹ àwọn ọmọ tó ń kó o, tí àwọn ọmọ náà á da ẹ̀gbin inú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, tí òjò tó bá tẹ̀ lé e á sì gbá a padà.

Ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìyá yìí. Ó ń san owó iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì, ó ń san án fún káńsù, ó tún ń san án fún àwọn ọmọ, iṣẹ́ náà kò sì ṣe. Kò jalè, kò ya ọ̀lẹ, kò kọ̀ láti sanwó. Ohun kan ṣoṣo tí kò ní ni ìmọ̀ pé òun ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń jẹun lórí àìmọ̀ rẹ̀.

Kì í ṣe báyìí ni àwọn ìyá ọjà ilẹ̀ Yorùbá ṣe wà látilẹ̀wá. L’Abẹ́òkúta, láàárín 1946 sí 1949, àwọn obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó jọ dìde sí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin lábẹ́ Aláké Adémọ́lá àti àwọn aláṣẹ òyìnbó. Orin tí wọ́n kọ àti bí wọ́n ṣe jókòó ti ààfin la máa ń rántí. A kì í rántí pé ẹ̀kọ́ ló ṣáájú: ẹgbẹ́ náà ti ń kọ́ àwọn ìyá ọjà ní ìwé kíkà kí ìjà tó le. Nígbà tí wọ́n sì kọ ẹ̀sùn wọn sílẹ̀ ní 1947, wọn kò dúró lórí pé àwọn kò san. Wọ́n dábàá pé kí wọ́n bu owó orí lé àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó oníṣòwò, kí wọ́n fi owó ṣe ọ̀nà tí ire oko yóò máa gbà wọ ìlú, kí obìnrin sì wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣèlú. Wọ́n mọ ibi tí owó ti ń wọlé, wọ́n mọ ibi tó ń gbà jáde. Ní oṣù Kínní 1949, Aláké fi orí ìtẹ́ sílẹ̀, ó kúrò nílùú. Ó pẹ́ kó tó padà. Ìjọba òyìnbó tó ní sójà àti ọlọ́pàá kò borí wọn, torí pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ owó, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Lóṣooṣù ni àwọn aṣojú ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ń pàdé láti pín owó tó wà nínú àpò àpapọ̀ orílẹ̀-èdè. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ìpín àwọn ìpínlẹ̀ tí epo rọ̀bì ti ń jáde, nínú ₦100 tó bá kù, ìjọba àpapọ̀ ń mú ₦52.68, àwọn ìpínlẹ̀ ń mú ₦26.72, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ni ₦20.60 sì tọ́ sí. Nínú owó orí ọjà tí a ń pè ní VAT, èyí tí ìwọ náà ń san nígbà tí o bá ra káàdì fóònù, ₦35 nínú ₦100 ni ti ìjọba ìbílẹ̀. Kì í ṣe owó kékeré. Nígbà ìjọba Ọbásanjọ́, Ngozi Okonjo-Iweala tó jẹ́ mínísítà ètò ìṣúná bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iye tó kan ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn kí gbogbo ayé lè rí i. Ó ṣe ohun tó dára. Títí di ìsinsìnyí, irú iye bẹ́ẹ̀ ṣì ń jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tí ẹ ní fóònù, tí ẹ ń wo ẹni tó ń jó lórí TikTok, ẹ lè fi fóònù kan náà wo iye tí wọ́n pín fún ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Ṣùgbọ́n owó náà kì í lọ sí káńsù tààrà. Abala 162 nínú òfin ìpìlẹ̀ ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àpò àjùmọ̀ní kan tí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ yóò máa wọ̀, kí ìpínlẹ̀ náà sì fi ìpín kan nínú owó tó ń pa wọlé kún un. Kí owó tó jáde nínú àpò yìí, wọ́n á yọ owó oṣù àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n á yọ owó àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n á yọ ìpín àwọn ọba, wọ́n á tún yọ àwọn nǹkan míràn tí ará ìlú kì í gbọ́ orúkọ wọn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni alága káńsù ń rí. Ìdí nìyí tí alága fi máa ń sọ fún àwọn tó bá tọ̀ ọ́ wá pé káńsù kò lówó. Ó lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ. Ó sì lè máà jẹ́ òótọ́. Ẹni tí kò mọ iye tó wọlé kò ní ohun tó máa fi dá a lóhùn.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ tó yẹ kó mì gbogbo ilé tìtì. Agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba àpapọ̀, Lateef Fágbèmí, ló pe ìpínlẹ̀ 36 lẹ́jọ́. Àwọn adájọ́ sọ pé kò bófin mu kí gómìnà máa di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú, pé kí owó náà máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà, àti pé káńsù tí ará ìlú kò dìbò yàn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Gbogbo rédíò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, owó náà ṣì ń gba ọ̀nà àtijọ́ kọjá, ìpàtẹ́wọ́ sì ti tán lẹ́nu wa tipẹ́. Ìdájọ́ tí àwọn tó ni ín kò mọ̀ pé tiwọn ni, ta ni yóò bá wọn lé e?

Nítorí pé ilé ẹjọ́ ní àfi káńsù tí wọ́n bá dìbò yàn, àwọn ìpínlẹ̀ tí kò tíì ṣe ìdìbò sáré ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n ka èsì ilẹ̀ Yorùbá fún yín, kí n bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó ṣáájú ìdájọ́ náà. Èkìtì, oṣù Kejìlá 2023: APC ló ń ṣèjọba ìpínlẹ̀, APC ló mú gbogbo alága 16. Ọ̀yọ́, oṣù Kẹrin 2024: PDP ló wà ní ilé ìjọba ní Àgódi, PDP ló mú gbogbo 33. Ògùn, oṣù Kọkànlá 2024: APC, gbogbo 20. Oǹdó, oṣù Kínní 2025: APC, gbogbo 18. Ọ̀ṣun, oṣù Kejì 2025: PDP nígbà náà, gbogbo 30. Èkó, oṣù Keje 2025: APC, gbogbo 57. Kò sí ìpínlẹ̀ kan tí ẹgbẹ́ alátakò ti mú alága kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ olúborí ní Ìbàdàn kò rí ìjókòó kan ní Abẹ́òkúta, àwọn tó jẹ́ olúborí ní Abẹ́òkúta kò rí ọ̀kan ní Ìbàdàn. Àjọ tó ń ṣètò ìdìbò yìí, gómìnà ló ń yan àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ rẹ̀. Mo gbà pé èsì báyìí kì í ṣe iṣẹ́ ará ìlú. Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti kéde èsì fún àwọn tí kò mọ orúkọ ẹni tó ń dupò.

Àwọn ará Èkó ní tiwọn tún ní kókó kan nínú kókó. Òfin ìpìlẹ̀ mọ ìjọba ìbílẹ̀ 20 níbẹ̀. Ní 2003, ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá 37 sílẹ̀ lé wọn. Ọbásanjọ́ di owó Èkó mú nítorí rẹ̀, ọ̀rọ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní 2004. Àwọn adájọ́ sọ pé ààrẹ kò lágbára láti di owó náà mú, wọ́n sì tún sọ pé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tuntun náà kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń gbé Àgbóyì-Kétu, ọ̀kan nínú àwọn tuntun náà tí wọ́n ń pè ní LCDA, ń rí pátákó rẹ̀ lójoojúmọ́. Kòsọ́fẹ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ tí òfin ìpìlẹ̀ mọ̀ ọ́n mọ́. Abẹ́ orúkọ Kòsọ́fẹ́ ni owó rẹ̀ ti ń wá láti Abújà. Bí kò bá mọ èyí, kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

Àìmọ̀ yìí ń ná wa lówó, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní 2019, ìjọba tuntun ní Ọ̀yọ́ lé àwọn alága àti káńsẹ́lọ̀ tí wọ́n dìbò yàn ní 2018 kúrò lórí àga. Ní oṣù Karùn-ún 2021, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé kò bófin mu, wọ́n ní kí ìpínlẹ̀ san owó oṣù àti àjẹmọ́nú wọn fún wọn. Ẹ rò ó wò: àwọn ènìyàn tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ gba owó iṣẹ́, àwọn tí wọ́n fi rọ́pò wọn náà sì ti gba tiwọn. Inú àpò ta ni owó náà ti jáde? Inú àpò ìyá aláta. L’Ọ̀ṣun, ní oṣù Kejì 2025, ẹgbẹ́ méjì gbé ara wọn lé káńsù, ìkíní ní ilé ẹjọ́ ló dá àwọn padà, ìkejì ní àwọn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn. Ẹ̀mí ṣòfò. Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù jókòó sílé fún oṣù púpọ̀, owó ìjọba ìbílẹ̀ 30 sì há. Aboyún tó lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé lákòókò náà kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ará ìlú ni kò bìkítà. Mi ò gbà. Àwọn ènìyàn tó lè jókòó ti rédíò fún wákàtí kan láti gbọ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú bìkítà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn aláṣẹ kò gbé ọ̀rọ̀ ìjọba dé ọ̀dọ̀ wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́. Ètò ìṣúná, Gẹ̀ẹ́sì ni. Òfin káńsù tí wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ ìyá aláta, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìròyìn olùyẹ̀wé-owó-wò, Gẹ̀ẹ́sì ni, tí a bá tilẹ̀ rí i. Bẹ́ẹ̀, láti 1859 ni Henry Townsend ti ń tẹ ìwé ìròyìn ní èdè Yorùbá l’Abẹ́òkúta, tí àwọn bàbá wa ń kà nípa ìlú àti ìṣèlú nínú rẹ̀. Abala 55 nínú òfin ìpìlẹ̀ fún Yorùbá láàyè nínú ilé aṣòfin àpapọ̀ pẹ̀lú Haúsá àti Ígbò bí ètò bá ti wà fún un. Abala 97 sì fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láàyè láti fi èdè tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà kún Gẹ̀ẹ́sì. Bí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ bá lè fi Yorùbá jíròrò, kí ló dé tí ìgbìmọ̀ káńsẹ́lọ̀ ní Ìsẹ́yìn tàbí Ìkẹ́rẹ́ yóò fi kọ ìwé ìpàdé rẹ̀ ní èdè tí ọ̀pọ̀ ará ìlú kò lè kà? Ní ayé àtijọ́, bí ọba àti ìjòyè bá ti fẹnu kò, akéde á lu agogo yí ìlú ká nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí kò ní gbọ́. Ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò tí ẹ ń túmọ̀ ìwé ìròyìn fún wa láràárọ̀, iṣẹ́ akéde yìí ti bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ẹ ka iye tí wọ́n pín fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní agbègbè yín sórí afẹ́fẹ́. Ẹ kà á ní Yorùbá. Lẹ́yìn náà kí ẹ pe alága kó wá sọ ohun tó fi ṣe.

Òfin wà tó gbà wá láàyè láti béèrè. Goodluck Jonathan ló buwọ́ lù ú ní oṣù Karùn-ún 2011, Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní Freedom of Information Act. Ẹnikẹ́ni lè lọ béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba láìsọ ìdí tó fi fẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá fi ẹ̀tọ́ náà dù ú láìnídìí, ilé ẹjọ́ lè bu owó ìtanràn ₦500,000 lé wọn. Àwọn ìpínlẹ̀ kan jiyàn fún ọdún púpọ̀ pé òfin náà kò kan àwọn, títí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi sọ ní oṣù Kẹrin 2025 pé ó kan gbogbo ìjọba, ó kan ìpínlẹ̀, ó kan ìbílẹ̀. Ibì kan wà nínú òfin yìí tí mo fẹ́ kí ìyá aláta gbọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ: ẹni tí kò mọ̀wé lè fi ẹnu lásán béèrè, òṣìṣẹ́ tó bá gbọ́ ọ ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ó sì lè rán ẹlòmíràn lọ bá a béèrè.

Nítorí náà, ìwọ tó ń ka èyí, ọ̀dọ̀ rẹ ni mo ń bọ̀. Wá orúkọ káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù rẹ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Bí o bá wà nínú ẹgbẹ́ ọjà, ẹgbẹ́ onílé, ẹgbẹ́ àdúgbò tàbí ẹgbẹ́ ìjọ, ẹ yan ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ jọ lọ sí sẹkitéríàtì. Ẹ má lọ pẹ̀lú ariwo. Ẹ kí wọn, ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ tàbí kí ẹ fi ẹnu sọ ọ́: iye tó wọlé ní orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wa lóṣù tó kọjá, iye tó dé ọwọ́ yín, ohun tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún gọ́tà ọjà wa. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé tí wọ́n fi gba ìbéèrè yín wọlé, kí ẹ sì kọ déètì sí i. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti fi dá yín lóhùn.